Àwa àgbà tó ń wa bàálù fún ìgbafẹ́: kí ni ká ṣe kí ọjọ́ àyẹ̀wò ìlera tó pé?

Àgbà Ìgbafẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo ti pé ẹni ọdún 67, mo sì ń wa bàálù kékeré oníẹ́ńjìnnì kan fún ìgbafẹ́, kì í ṣe fún owó. Ìwé àṣẹ Amẹ́ríkà ni mo ní, ìwé ẹ̀rí ìlera onípele kẹta tí mo fi ń fò yóò sì parí ní oṣù díẹ̀ sí i. Láìpẹ́ yìí ni dókítà ìdílé wa sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ó sì ti kọ oògùn tí n óò máa lò lójoojúmọ́ fún mi. Yàtọ̀ sí èyí, mo ṣàkíyèsí pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè ka àwọn nọ́ńbà kéékèèké tó wà lórí máàpù.

Ohun méjì ni mo fẹ́ bi yín. Èkíní, ṣé kí n kàn kọ fọ́ọ̀mù ìlera náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, kí n gba ọ̀dọ̀ dókítà tó ń yẹ awakọ̀ òfurufú wò lọ, kí n sì máa retí ohun tí wọ́n bá sọ? Èkejì, awakọ̀ kan tí a jọ ń lo pápá kan náà ní kí n má dárúkọ oògùn náà rárá, torí pé bí wọn kò bá mọ̀, wọn kò ní dá mi dúró. Ọkàn mi kò gbà á, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Dókítà Òfurufú

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n inú. Iṣẹ́ àyẹ̀wò awakọ̀ ni mò ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè kejì, torí òun ló léwu jù.

Ẹ má ṣe fi oògùn kankan pamọ́. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ irọ́ sínú fọ́ọ̀mù ìlera ti FAA, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, ti rú òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ìjìyà rẹ̀ sì lè tó owó ìtanràn dọ́là 250,000 àti ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Wọ́n kọ ìkìlọ̀ yìí sára fọ́ọ̀mù náà gan-an. Èyí tó tún bà mí nínú jẹ́ jù ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí FAA ń béèrè ni pé kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín má kọjá 155 lókè àti 95 nísàlẹ̀ lọ́jọ́ àyẹ̀wò, yálà ẹ ń lo oògùn tàbí ẹ kò lò ó. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, 160 àti 95 ni ààlà. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí àwọn dókítà ń kọ lónìí ni wọ́n gbà. Àwọn tí FAA kò gbà ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ fúnra rẹ̀, bíi clonidine, methyldopa àti reserpine. Nítorí náà, bí dókítà ìdílé yín bá kọ ọ̀kan nínú wọn, ẹ sọ fún un pé awakọ̀ òfurufú ni yín, yóò sì wá òmíràn fún yín. Púpọ̀ nínú àwọn dókítà ìdílé kò mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn bi aláìsàn ní ìbéèrè yìí.

Ó ku ìbéèrè kìíní. Ẹ má tíì kọ fọ́ọ̀mù náà. Ẹ kọ́kọ́ pe dókítà tó ń yẹ awakọ̀ wò, kí ẹ sì bá a jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wá gba ìmọ̀ràn, láìfún un ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń gbé jáde. Bí dókítà bá ti fi nọ́ńbà yẹn ṣí fáìlì yín, àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ohun mìíràn tó lè ṣe ju pé kó fún yín ní ìwé, kó fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí FAA, tàbí kó kọ̀ fún yín. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé bí wọ́n bá kọ̀ fún yín, àwọn ọ̀nà mìíràn tí à bá gbà fò láìní ìwé onípele kẹta yóò tì pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ máa wọn ìfúnpá yín nílé kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ ilẹ̀ láìkọjá lórí ara wọn, kí ẹ gbé apá sórí tábìlì kó bá ọkàn dọ́gba, kí ẹ má sì sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fún apá. Ẹ kọ iye tó bá jáde pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò, kí ẹ mú ìwé náà dání. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ọkàn wọn ń lù kìkì bí wọ́n bá ti rí aṣọ funfun dókítà, ìwé yẹn ni yóò sì gbè yín lẹ́sẹ̀.

Olùkọ́ Ìwakọ̀

Mo fẹ́ ṣàlàyé "àwọn ọ̀nà mìíràn" tí Dókítà mẹ́nu bà, nítorí àwọn àgbà tí mò ń kọ́ máa ń da wọn pọ̀.

Ọ̀kan ni BasicMed, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2017. Ẹni tó bá ti ní ìwé ẹ̀rí ìlera FAA rí, lẹ́yìn ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2006, lè lọ sọ́dọ̀ dókítà èyíkéyìí tó ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀, dókítà náà yóò fi ìwé ìtọ́nisọ́nà FAA yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, awakọ̀ náà yóò sì ṣe ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àyẹ̀wò yẹn máa ń wáyé ní oṣù 48 sí 48, ẹ̀kọ́ náà ní oṣù 24 sí 24. Bí ó ti rí láti ìparí ọdún 2024, bàálù tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju pọ́ùn 12,500 lọ, tí kò sì gbé ju èrò mẹ́fà lọ, ni èèyàn lè fi ọ̀nà yìí wà, kò sì gbọ́dọ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà 18,000 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ sáré ju nọ́ọ̀tì 250 lọ. Àwọn àìsàn kan wà, ti ọkàn, ti ọpọlọ àti ti iyè, tí ẹni tó bá ní wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ pàtàkì lọ́wọ́ FAA lẹ́ẹ̀kan kó tó lè lo ọ̀nà yìí.

Èkejì ni ìwé àṣẹ awakọ̀ eré ìdárayá, tó ti wà láti ọdún 2004. Ìwé ìwakọ̀ mọ́tò lásán ni wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìlera níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kọ ìwé fún nígbà tó béèrè gbẹ̀yìn kò lè lo ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ Dókítà pátápátá: ẹ gba ìmọ̀ràn kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù.

Ìyá Àwòdì

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìwé ilẹ̀ Yúróòpù ni mo ní, bàálù aláìlẹ́ńjìnnì tó ń bá atẹ́gùn lọ sì ni mò ń fò jù. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín nílò láti mọ̀ pé ìlànà tiwa yàtọ̀. Ìwé ìlera onípele kejì máa ń lo oṣù 60 fún ẹni tí kò tíì pé 40, oṣù 24 láti 40 sí 50, lẹ́yìn 50 sì ni yóò di oṣù 12. Ìwé LAPL, tó wà fún bàálù fẹ́ẹ́rẹ́, fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: oṣù 60 títí dé 40, oṣù 24 lẹ́yìn rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, awakọ̀ ìgbafẹ́ lè fọwọ́ sí ìwé pé ara òun le, àti láti ọdún 2024, Ọsirélíà pẹ̀lú ti dá ìpele karùn-ún sílẹ̀ tí awakọ̀ fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí sí. Bákan náà ni kò sí ìwé ẹ̀rí ìlera kankan tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń fi bàálù aláìlẹ́ńjìnnì gbafẹ́ ní Amẹ́ríkà.

Inú mi dùn sí ìrọ̀rùn yìí, síbẹ̀ mo fẹ́ kí á rí ohun tó gbé lé wa léjìká. Bí ìjọba bá ti yọ dókítà kúrò láàárín, èmi àti ara mi ló kù. Òfin FAA 61.53, tó de àwọn tí kò ní ìwé ìlera pàápàá, sọ pé ẹni tó bá mọ̀, tàbí tó yẹ kó mọ̀, pé òun ní àìsàn tó lè dí òun lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ wa bàálù lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ "tó yẹ kó mọ̀" yẹn lágbára púpọ̀.

Gbénró

Ẹ foríjì mí, ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n mo rò pé a ń fi àyẹ̀wò yìí dá ara wa lágara. Awakọ̀ bàálù èrò ni wọ́n fi ọdún 65 dè, kò sí òfin ọjọ́ orí kankan fún awa tí a ń gbafẹ́. Ìjàǹbá tí àìsàn òjijì ń fà kéré jọjọ sí èyí tí àṣìṣe ìwakọ̀ ń fà. Èèyàn tó ti ń fò láti ìgbà èwe mọ bàálù rẹ̀ ju bí dókítà ṣe lè mọ̀ ọ́n lọ. Kí ni wọ́n ń wá nínú etí àti ojú wa?

Dókítà Òfurufú

Gbénró, òótọ́ ni apá kìíní ọ̀rọ̀ rẹ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró lójú òfurufú ṣọ̀wọ́n. Àmọ́ níbi tí o ti sọ pé àṣìṣe ìwakọ̀ ló pọ̀ jù, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí o dúró sí. Ojú tó ti rẹ̀wẹ̀sì, etí tí kò gbọ́ ìlàjì ohun tí ilé ìṣọ́ pápá bàálù sọ, oorun tí kò dára lóru àná, oògùn ọ̀fìnkìn tí èèyàn lò láàárọ̀: gbogbo wọn ni a máa ń kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí "àṣìṣe awakọ̀" nígbà tí ìwádìí bá parí.

Ní ti ìrírí, ẹ̀rí wà lẹ́yìn rẹ dé ìwọ̀n kan. Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford gbé àbájáde iṣẹ́ ọdún mẹ́ta jáde lórí awakọ̀ 118 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 40 sí 69, tí wọ́n ń dán wò nínú ẹ̀rọ afarawé bàálù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà kò ṣe dáadáa tó àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìfàsẹ́yìn tiwọn kéré sí ti àwọn ọ̀dọ́, àwọn tí ìmọ̀ wọn sì jinlẹ̀ jù ló ṣe dáadáa jù. Ìrírí ń dáàbò bo èèyàn, n kò jiyàn rẹ̀. Ohun tí kò lè ṣe ni kó la ojú tí ó ti ń ṣú, tàbí kó lé oògùn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Olùkọ́ Ìwakọ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ ojú tí Bàbá sọ, torí mo máa ń rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú bàálù. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni ẹyinjú rẹ̀ kì í ṣí tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́ nínú òkùnkùn, lẹ́ǹsì inú rẹ̀ sì ti ń pọ́n. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ẹ̀yìn ojú rẹ̀ lè má ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó ń dé ti ẹni ogún ọdún. Nítorí náà, kì í ṣe pé ẹ kò kàwé mọ́, Bàbá. Iná ni kò tó.

Mo ti jókòó ti àgbà awakọ̀ kan tó tan iná pupa sórí máàpù, tí gbogbo ìlà aláwọ̀ pupa tó wà lórí rẹ̀ sì pòórá mọ́ ọn lójú. Iná funfun tó ṣe é dín kù ló yẹ ká lò. Bákan náà, awò ojú alápá méjì tí wọ́n fi apá ìkàwé sísàlẹ̀ dára fún ẹni tó ń ka ìwé lórí itan, ṣùgbọ́n bí bọ́tìnnì bá wà lókè orí, èèyàn yóò gbé àgbọ̀n sókè títí ọrùn yóò fi dùn ún, òòyì sì lè kọ́ ọ láàárín ìkùukùu. Ẹ jókòó sínú bàálù yín lórí ilẹ̀, kí ẹ fi téèpù wọn bí ojú yín ṣe jìnnà sí pánẹ́ẹ̀lì iwájú, kí ẹ sì gbé iye náà lọ fún ẹni tó ń ṣe awò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo èèyàn ló máa ń fún un ní ìwọ̀n ìwé kíkà lásán. Ẹ yẹra fún awò oòrùn irú èyí tí wọ́n ń pè ní polarised, torí ó lè mú kí ojú ẹ̀rọ ìgbàlódé dúdú kirikiri.

Dókítà Òfurufú

Mo fi ìkan kún un. Bí ó bá jẹ́ cataract, ìyẹn kí lẹ́ǹsì inú ojú máa ṣú, ló ń yọ lójú Bàbá, èyí tí í mú kí ìmọ́lẹ̀ iná ojú ọ̀nà bàálù máa tàn káàkiri bí òrùka, iṣẹ́ abẹ lè mú un kúrò, awakọ̀ púpọ̀ ló sì ti ṣe é tí wọ́n padà sẹ́nu ìwakọ̀. Kí ẹ bi oníṣẹ́ abẹ nípa irú lẹ́ǹsì tó fẹ́ fi sí i. Fún lẹ́ǹsì tó ń wo ọ̀nà jíjìn àti tòsí pa pọ̀, FAA ń béèrè oṣù mẹ́ta kí ojú tó mọ̀ ọ́n lára.

Ìyá Àwòdì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká fò ó lórí ọ̀rọ̀ oògùn tí a ń rà láìsí ìwé dókítà. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ mi lè ka oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lórí, ṣùgbọ́n wọn kì í ka èyí tí wọ́n lò fún ọ̀fìnkìn mọ́ oògùn.

Dókítà Òfurufú

Ẹ ṣeun, Màmá, ibẹ̀ ni ewu pọ̀ sí jù. Ní ọdún 2014, àjọ NTSB tó ń wádìí ìjàǹbá ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí àwọn awakọ̀ tó kú nínú ìjàǹbá láàárín ọdún 1990 sí 2012. Nínú gbogbo oògùn tó lè ra èèyàn níyè tí wọ́n bá nínú ara wọn, diphenhydramine ló wọ́pọ̀ jù. Kì í ṣe oògùn olóró. Oògùn ara yíyún àti ọ̀fìnkìn ni, òun náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn oorun tí wọ́n ń tà lórí àtẹ. FAA ní kí awakọ̀ dúró fún wákàtí 60 lẹ́yìn tó bá lò ó kó tó fò. Èèyàn lè jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kó sì máa rò pé ó ti tán. Loratadine àti fexofenadine ni wọ́n gbà, bí wọn kò bá ti dá èèyàn lóòyì, bí àìsàn tí wọ́n ń wò kò bá sì le. Wọn kò gba cetirizine.

Fún àwọn ọkùnrin: oògùn tó ń mú ìtọ̀ rọrùn, bíi tamsulosin, lè mú kí ìfúnpá já lulẹ̀ bí èèyàn bá dìde lójijì, sildenafil sì lè fi àwọ̀ búlúù bo ojú fún ìgbà díẹ̀. Mo mọ̀ pé ìtìjú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín.

Ẹni tó bá ń han-an-run lóru, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń sọ pé èémí rẹ̀ máa ń dá dúró, kí ó lọ fún àyẹ̀wò oorun. Bí ó bá ń lo ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú, tí àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ náà sì fi hàn pé ó ń lò ó déédéé, ó ṣeé ṣe kí ó rí ìwé gbà. Mo rí àwọn tó dà bí ẹni tó tún di ọ̀dọ́ lẹ́yìn oṣù kan péré tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sùn dáadáa.

Ìyá Àwòdì

Láti ọ̀dọ̀ àwa tí a ń ga láìlẹ́ńjìnnì: òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbà mọ́, nítorí náà kí a máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ wá. Ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ mu omi nítorí ìtọ̀, àárẹ̀ sì ń mú wọn lọ́sàn-án gangan. Ní ti ọ́síjìn, òfin Amẹ́ríkà ní kí awakọ̀ lò ó bí ó bá ju ìṣẹ́jú 30 lọ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 12,500 sí 14,000, àti nígbà gbogbo lókè 14,000. Ìmọ̀ràn FAA tilẹ̀ rẹlẹ̀ ju òfin lọ: 10,000 lọ́sàn-án, 5,000 lóru, torí ojú ló kọ́kọ́ ń jìyà àìtó ọ́síjìn. Èmi máa ń fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ sí ìka ọwọ́, mo sì máa ń wò ó lóòrèkóòrè. Ẹni tí ọ́síjìn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ kì í mọ̀. Inú rẹ̀ lè máa dùn gan-an ni.

Gbénró

Dókítà, mo ti gbọ́. Mo gbà pé n kò tíì ronú nípa oògùn ọ̀fìnkìn lọ́nà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan ṣì ń bà mí: ta ni yóò sọ pé àgbà ti dé ibi tó yẹ kó dúró, tí kì í ṣe pé wọ́n kàn ń ka ọdún rẹ̀? Bob Hoover, tí ayé mọ̀ sí ọ̀gá nínú ìdárà ojú òfurufú, ni FAA gba ìwé ìlera rẹ̀ ní ọdún 1993 nígbà tó ti lé ní 70, nítorí ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ méjì sọ pé àwọn rí. Ọsirélíà fún un ní ìwé, ó ń fò níbẹ̀, ọdún 1995 ni Amẹ́ríkà sì tó dá tirẹ̀ padà.

Olùkọ́ Ìwakọ̀

Ìbẹ̀rù rẹ kò ṣàìnídìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àgbà pé kí wọ́n yan ẹni tí yóò máa sọ òótọ́ fún wọn nígbà tí ara wọn ṣì le, kó tó di pé ẹlòmíràn yàn án fún wọn. Kí ó jẹ́ olùkọ́ tí ẹ ń fò pẹ̀lú lóòrèkóòrè, kí ẹ sì ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ó láṣẹ láti sọ ọ́.

Ohun tí èmi máa ń ṣọ́ kì í ṣe bí bàálù ṣe balẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọwọ́ máa ń rántí ìyẹn pẹ́. Mo máa ń wò ó bóyá ilé ìṣọ́ sọ ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí awakọ̀ sì dá ẹyọ kan péré padà. Mo máa ń yí ètò padà lójijì, kí n ní ká lọ balẹ̀ ní pápá mìíràn, kí n sì wo iye ìgbà tó máa gbà kó tó tún ara rẹ̀ ṣe. Mo máa ń wò ó bóyá ó fo ìlà nínú ìwé àtòjọ àyẹ̀wò lẹ́yìn tí mo bá dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bákan náà ni eékún àti ìbàdí: ṣé ó lè tẹ bíréèkì àti pẹ́dálì dé òpin bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, ṣé ó sì lè jáde kúrò nínú bàálù kíákíá bí iná bá sọ?

Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá ń yẹ̀, kì í ṣe pé ìwakọ̀ ti parí. Àwọn kan máa ń fi ìwakọ̀ òru sílẹ̀, àwọn mìíràn máa ń fi pápá tí èrò pọ̀ sí sílẹ̀, àwọn mìíràn sì máa ń fò pẹ̀lú awakọ̀ kejì tí ìwé rẹ̀ pé.

Àgbà Ìgbafẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti pe ọ́fíìsì dókítà kan tó ń yẹ awakọ̀ wò láti lọ gba ìmọ̀ràn, n kò sì tíì fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù. Mo ti yẹ oògùn mi wò, kò sí nínú àwọn tí Dókítà ní FAA kò gbà. Mo ti dá ìwakọ̀ òru dúró títí dókítà ojú yóò fi rí mi. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé mo lè máa fò lọ́sàn-án báyìí, nígbà tí ìwé mi ṣì wúlò, tí oògùn náà sì jẹ́ tuntun?

Dókítà Òfurufú

Bàbá, ẹ má tíì fò. Ìwé yín ṣì wúlò, ṣùgbọ́n òfin 61.53 tí Màmá kà fún wa kan oògùn tuntun pẹ̀lú. Ẹ dúró lórí ilẹ̀ títí ẹ óò fi mọ bí ó ṣe ń ṣe yín, pàápàá bí ẹ bá dìde lórí àga lẹ́yìn tí ẹ ti jókòó pẹ́, àti títí ìfúnpá tí ẹ ń wọ̀n nílé yóò fi dúró sójú kan. Ẹ mú àkọsílẹ̀ yẹn, ìgò oògùn, àti lẹ́tà ṣókí láti ọwọ́ dókítà ìdílé yín lọ síbi ìmọ̀ràn náà. Dókítà tó bá yẹ̀ yín wò ni yóò sọ ọjọ́ tí ẹ lè padà.